Fírísà Lórí Tírélà Mi

Bí o bá ní tírélà ní Atlanta, tí o sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, má wulẹ̀ tan ara rẹ jẹ pé tìrẹ ni. Ti gbogbo ìjọ ni. Ti ẹni tó ń kó kúrò nílé ni, ti ẹni tó ra àga lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìronú bó ṣe máa délé ni, ti ẹni tí o kò rí sójú rí, tó gba nọ́ńbà rẹ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn akọrin ni. Tírélà tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tó ń kó màlúù wá sí Èkó o. Pẹpẹ irin gbọọrọ kan ni, ó ní táyà méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, píkàpù mi ló sì ń fà á. Èmi àti ọkọ mi la rà á nítorí tírákítọ̀. Láti ìgbà tí a ti rà á, mi ò rántí oṣù kan tí ẹnìkan ò pè mí láti béèrè pé, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ń lọ ní Saturday?"

Tírákítọ̀ náà kò tóbi. Garawa irin fífẹ̀ kan wà níwájú rẹ̀ tó ń bu ilẹ̀, ohun tó ń tú ilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìjókòó kan ṣoṣo ló sì ní. Ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló dá owó rà á, nígbà tí ọkọ mi ní òun fẹ́ máa gbin ilá àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé tí a háyà ní Stockbridge. Àbúrò gun orí rẹ̀ ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sílé, ó parí. Èmi àti ọkọ mi la lò ó. Bí mo bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé láti ọsibítù ní àárọ̀ Sátidé, mi kì í sùn. Màá bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì, màá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, màá sì jáde lọ bá a lẹ́yìnkùlé. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń wa tírákítọ̀, òun náà ló kọ́ mi bí a ṣe ń gbé e gun tírélà, torí a máa ń gbé e lọ sí Clarkston, ká bá àwọn obìnrin tó ń dáko níbẹ̀ tú ilẹ̀. Ará Kóńgò wà nínú wọn, ará Nẹ́páàlì wà, àwọn tiwa náà wà. Nígbà tó yá, èmi ni mò ń wa píkàpù, èmi ni mò ń di ẹrù. Òun á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, á máa bó ẹ̀pà.

Ó kú ní ìgbà òtútù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Mo ní láti máa sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó wá kí mi máa ń wo tírákítọ̀ tìfuratìfura, bíi pé òun ló ṣe é.

Kò pẹ́ sígbà náà ni onílé ta ilé tí à ń gbé. Èmi ti rí yàrá kékeré méjì síbòmíì, ṣùgbọ́n tírákítọ̀ ò lè gbé inú yàrá. Àwọn obìnrin Clarkston ní àwọn ní ilé irinṣẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wọn, pé kí n gbé e wá, kí n máa wá bá wọn dáko ní Sátidé. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀ sunkún. Àṣé ẹbí ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ tiwọn.

Wọ́n ṣe ìpàdé lórí fóònù. Olórí ẹbí ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, bàbá arúgbó kan tó wà ní Ìbàdàn. Àbúrò ọkọ mi ti sọ fún Bàbá pé tírákítọ̀ ju agbára obìnrin lọ, pé ó sàn kí àwọn gbé e sínú kọ̀ǹténà, kó máa bọ̀ nílé, kí wọ́n fi máa ṣiṣẹ́ nínú oko ẹbí. Bàbá gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó gbọ́ tẹnu mi, ó wá dájọ́. Ó ní bí ìyàwó bá lè gbé e dé ibi tó fẹ́ gbé e lọ láìsí wàhálà, kó máa lò ó. Bí wàhálà kankan bá fi ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán, kí wọ́n wá kọ̀ǹténà. Ó ní kí àbúrò ọkọ mi bá mi lọ, kó sì pe òun tí a bá ti débẹ̀.

Òfin Amẹ́ríkà lè sọ nǹkan míì, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ń jẹ́ orúkọ ẹbí yẹn, owó àbúrò sì wà nínú tírákítọ̀ lóòótọ́. Mi ò fẹ́ bá wọn dé ilé ẹjọ́. Gbogbo ohun tó ṣẹ́kù nínú ìgbésí ayé èmi àti ọkọ mi wá wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa lọ ròyìn, ọkùnrin náà ò sì lè fi mọ́tò tó ń fa nǹkan rìn sẹ́yìn.

Uncle ni mò ń pè é. Mo jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, nítorí náà ọkọ mi lòun náà, mi ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sí i bó ṣe wù mí. Ìyàwó wa ni òun ń pè mí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ó ń ṣe é dáadáa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni bó bá jókòó sílé ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí a máa gbé tírákítọ̀, ó dé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tuntun tí bébà ṣì wà lára rẹ̀. Díkìnì tẹ̀lé e dé nínú mọ́tò tirẹ̀. Àgbà nínú ìjọ wa ni Díkìnì, ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni, kò sì fi mí sílẹ̀ rárá nígbà ìsìnkú, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ìyẹn ni mi ò fi lè sọ fún un pé kó padà sílé. Báńkì ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí nǹkan lábẹ́ ọ̀run tí Díkìnì ò ní ọ̀rọ̀ sọ lé lórí.

Wọ́n ní kí n jókòó, kí n jẹ́ kí àwọn ọkùnrin ṣe é. Mo jókòó. Uncle wọ inú píkàpù láti fi ìdí rẹ̀ kan ẹnu tírélà. Ó rìn sẹ́yìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ tírélà kọjá. Ó padà síwájú, ó tún rìn sẹ́yìn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó àpótí lẹ́tà aládùúgbò mi. Díkìnì ń pariwo pé kó yí i sí òsì, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún ló ń juwọ́ sí. Nígbà tí táyà píkàpù gun orí ewéko aládùúgbò, mo dìde, mo ní Uncle ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀. Mo wọ inú píkàpù, mo gbé ìdí rẹ̀ sí abẹ́ ẹnu tírélà, mo sọ̀ kalẹ̀. Uncle ní òun ti bá mi tò ó dé ibi tó rọrùn tẹ́lẹ̀ ni.

Mo sọ ẹnu tírélà lé bọ́ọ̀lù irin tó wà nídìí píkàpù, mo tì í pa, mo ki píìnì rẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo gba ṣéènì méjèèjì tó ń so tírélà mọ́ píkàpù lábẹ́, mo fi wọ́n ṣe àgbélébùú, kó lè jẹ́ pé bí ẹnu tírélà bá já, orí ṣéènì ló máa bà lé, kì í ṣe títì. Mo so wáyà iná. Mo ní kí Uncle lọ wò ó bóyá iná ẹ̀yìn ń tàn. Ó ní ó ń tàn. Mo ní iná apá wo? Ó padà lọ wò ó.

Lẹ́yìn náà mo gun tírákítọ̀. Mo de bẹ́líìtì ìjókòó, mo rẹ garawa iwájú sílẹ̀ kó má ju díẹ̀ lọ sókè ilẹ̀, mo fi jíà sí èyí tó lọ́ra jù, mo sì rọra gun ráńpù lọ tààrà. A kì í yí sitiárìn lórí ráńpù. A kì í dúró láàárín rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, torí bí tírákítọ̀ bá yọ̀, kò ní bi ọ́ pé ta ni ọ́. Léraléra ni mo ní kí Díkìnì kúrò níbẹ̀, léraléra ló sì ń padà wá, torí ó fẹ́ tọ́ mi sọ́nà.

Mo gbé e síwájú dé ibi tí ọkọ mi ti fi ọ̀dà sàmì sí. Ẹ́ńjìnnì ló wúwo jù lára tírákítọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ré kọjá àwọn táyà tírélà díẹ̀, kí ẹnu tírélà lè fi ara ti ìdí píkàpù. Bí ó bá fi ara tì í, ìdí píkàpù á rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó rẹlẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo sọ garawa kalẹ̀ sórí pákó tí a tẹ́ sórí tírélà, mo fa hándì bíréèkì, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo so ṣéènì kọ̀ọ̀kan mọ́ igun kọ̀ọ̀kan, mo sì fi irin ìfúnṣéènì fún wọn títí wọn ò fi lè mì. Mo tún fi bẹ́líìtì de garawa àti ohun tó wà lẹ́yìn. Mo gbá tírákítọ̀ létí. Kò gbọ̀n. Ara mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà.

Ìgbà yẹn ni Uncle béèrè bóyá oúnjẹ wà.

Ẹ ò lè rí ẹni tó wá ràn yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ má fún un lóúnjẹ, pàápàá tó bá jẹ́ ará ilé ọkọ. Mo wọlé. Mo gbé ìrẹsì kaná, mo wá ọbẹ̀ nínú fíríìjì, mo dín dòdò. Mo gbọ́ tí mọ́tò kan dé, mo gbọ́ ẹ̀rín, mo gbọ́ irin tó ń ró. Mo rò pé wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ni.

Nígbà tí mo gbé tíréè jáde, fírísà kan wà lórí tírélà mi.

Fírísà funfun alápòótí gbọọrọ ni, irú èyí tí èèyàn lè sùn sínú rẹ̀. Ìyàwó Díkìnì ló gbé e wá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Clarkston, wọ́n sì ti gbọ́ pé Clarkston ni mò ń lọ. Kí fírísà lè ráyè jókòó níwájú, níbi tí Díkìnì ní kò ti ní bọ́, Uncle ti tú gbogbo ṣéènì mi, ó ti fi tírákítọ̀ rìn sẹ́yìn dé ìparí pákó, ó sì ti fi okùn tí mo fi ń sá aṣọ so fírísà mọ́lẹ̀. Àpò gàrí àti àpò ẹ̀lùbọ́ wà lẹ́yìn pátápátá, wọ́n kó wọn há ẹsẹ̀ tírákítọ̀. Ìyàwó Díkìnì kí mi dáadáa. Ó ní Ọlọ́run á bù sí i fún mi. Ó tún ní ọ̀rẹ́ òun kan wà ní Morrow tó fẹ́ fi fóòmù méjì ránṣẹ́, pé tí a bá gba ọ̀nà márosẹ̀ 75 dípò 675, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ la máa gbà kọjá.

Mo gbé tíréè kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n wo ìdí píkàpù. Ó ti gbéra sókè. Mo ṣàlàyé pé tírélà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wúwo ju iwájú lọ máa jó lójú títì, pé ó lè gbé píkàpù yí. Díkìnì gbọ́ mi tán tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó wá dá mi lóhùn bí ìgbà tó ń dá oníbàárà lóhùn ní báńkì. Ó ní fírísà ò wúwo, kò sí nǹkan nínú rẹ̀, pé àwọn ti pín ẹrù sí iwájú àti ẹ̀yìn kó lè dọ́gba. Mo ní kì í ṣe fírísà ni mò ń wí, ibi tí tírákítọ̀ wà ni mò ń wí. Ó ní Mummy, ẹ má fòyà.

Inú bí mi gan-an. Uncle fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyàwó wa," ó rọra wí, "ẹ má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ìjà níbí o. Bàbá máa bi mí bóyá wàhálà wà."

Ó yé mi. Bí mo bá jà, wàhálà ti dé nìyẹn, kọ̀ǹténà ló kàn. Bí mo bá dákẹ́, ojú títì ló kàn. Ẹni tó ra ilé tí à ń kó kúrò sì ń bọ̀ wá tì í pa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, tírákítọ̀ ò lè sùn síbẹ̀ mọ́. Mo dákẹ́. Mo gun tírélà, mo tún ṣéènì so sí gbogbo igun, mo fi bẹ́líìtì gidi de fírísà, mo ju okùn aṣọ náà sílẹ̀. Wọ́n jẹ ìrẹsì. Uncle béèrè bóyá dòdò ṣẹ́kù.

Èmi ni mo wa píkàpù, torí pé lẹ́yìn ti àpótí lẹ́tà, kò sẹ́ni tó tún bá mi du sitiárìn. Uncle jókòó tì mí. Díkìnì ń bọ̀ lẹ́yìn nínú mọ́tò tirẹ̀, ó ń tan iná ìkìlọ̀ sí gbogbo ayé bíi pé òkú la ń gbé lọ. A gba 75 nítorí fóòmù méjì.

Kò pẹ́ tí a wọ ojú ọ̀nà ni mo ti mọ̀ pé ara píkàpù ò yá. Ìdí rẹ̀ ń rìn yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tún pátápátá ni mo wà, mi ò sì sáré. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń fun fèrè, wọ́n ń yà kọjá, ọ̀kan nínú wọn nàka sí mi. Uncle ní kí n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Kí a tó dé Morrow, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù gàgàrà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbá tírélà.

Tírélà yà sí òsì. Ó yà sí ọ̀tún. Ó tún yà sí òsì, ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ń fa ìdí píkàpù kiri bí ajá tó fẹ́ gba okùn lọ́wọ́ ẹni tó mú un dání. Mo rí fírísà nínú díńgí apá òsì, mo tún rí i nínú díńgí apá ọ̀tún.

Uncle ń pariwo pé kí n tẹ bíréèkì. Ohun tí èèyàn ò gbọdọ̀ ṣe gan-an nìyẹn. Bí o bá tẹ bíréèkì píkàpù lójijì, tírélà á ti ẹ̀yìn wá bá ọ, á sì gbé ọ yí po. Bí o bá fẹ́ fi sitiárìn bá a jà, o máa pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Mo di sitiárìn mú sí ọ̀kánkán, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tó ń mú ọkọ̀ sáré, mo sì na ìka sí irin kékeré tó wà lókè orúnkún mi, èyí tó ń mú bíréèkì tírélà nìkan ṣiṣẹ́. Mo rọra fún un. Tírélà fà sẹ́yìn, ó tún jó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá tò sẹ́yìn wa.

Ẹ̀rù bà mí. Ó bà mí débi pé mi ò gbọ́ ohun tí Uncle ń wí mọ́. Ikú kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò, kí n sọ òtítọ́. Kọ̀ǹténà ni mo rò. Mo rò pé wàhálà tí wọ́n ń retí ti dé wàyí, àwọn ló sì gbé e wá, èmi ni wọ́n máa gbé e lé lórí.

Mo yà kúrò lójú ọ̀nà ní Morrow, mo wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí gbàgede kan níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ìdajì wọn ti kógbá sílé. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo sọ̀ kalẹ̀. Díkìnì dé bá wa, ó ti ń làágùn, ó ní gbogbo rẹ̀ lòun rí láti ẹ̀yìn, àdúrà lòun bẹ̀rẹ̀ sí í gbà nínú mọ́tò. Mo ní ẹ ṣé, sà. Mo ní kí wọ́n sọ fírísà kalẹ̀.

Díkìnì ní Clarkston ò jìnnà mọ́. Ó ní bí mo bá túbọ̀ rọra. Ó ní ó yẹ kí òun kọ́kọ́ pe ìyàwó òun, torí àbúrò rẹ̀ ti ń dúró. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ píkàpù, mo nà án sí i.

"Freezer máa sọ̀ kalẹ̀ níbí, sà, tàbí kí ẹ̀yin wà á lọ. Ọmọ méjì ni mo ní ní college, bàbá wọn ti kú. Mi ò ní kú nítorí freezer."

Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wo Uncle. Uncle ń wo ilẹ̀. Mi ò tíì bá Díkìnì sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ohùn mi sì ṣe àjèjì sí èmi fúnra mi, ṣùgbọ́n mi ò fa ọwọ́ mi padà. Nígbà tó yá, Díkìnì bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ dígí mọ́tò, òun àti Uncle sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú fírísà.

Ọ̀rẹ́ ìyàwó Díkìnì tó ní fóòmù ló gbé ọkọ̀ wá kó fírísà, gàrí àti ẹ̀lùbọ́ lọ sí gáréèjì rẹ̀. Ó wo ojú mi, kò mẹ́nu kan fóòmù rẹ̀. Mo gun tírákítọ̀, mo gbé e padà síwájú, mo dì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí Uncle àti Díkìnì dúró sí ibi tí mo ti lè rí wọn títí màá fi parí, wọ́n sì dúró. Nígbà tí mo kúrò ní Morrow, mo wakọ̀ díẹ̀, mo tún dúró fi ọwọ́ fa ṣéènì kọ̀ọ̀kan wò, torí ẹrù máa ń jókòó sí i tí ọkọ̀ bá ti rìn, ṣéènì á sì dẹ̀. Uncle sọ̀ kalẹ̀ bá mi fà á. Láti ibẹ̀, a gba 285 dé Clarkston. Tírélà ń tẹ̀ lé wa bí ọmọ tó gbọ́ràn.

Àwọn obìnrin ti wà lẹ́nu ọ̀nà oko. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ṣí géètì, mo wọlé. Mi ò tíì fọwọ́ kan ráńpù nígbà tí Uncle yọ fóònù. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ píkàpù, ó pe Ìbàdàn, ó sì ṣí ohùn sílẹ̀ kí n lè máa gbọ́, bóyá ìyẹn ló kà sí òdodo. Mo dúró pẹ̀lú bẹ́líìtì lọ́wọ́.

Bàbá béèrè bóyá a ti dé. Uncle ní a ti dé, sà.

"Ṣé kò sí wàhálà kankan?"

Uncle wò mí. Mo mọ ohun tó lè sọ, òtítọ́ sì ni ì bá jẹ́: tírélà jó, a fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Kò ní nílò kó fi iyọ̀ sí i.

"Kò sí wàhálà, sà."

"Ta ló wà á?"

"Èmi ni, sà," Uncle wí.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní òun ti mọ̀, òun ti sọ pé nǹkan ọkùnrin ni. Ó ní ó dáa, kí ìyàwó máa lo tírákítọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Uncle ni kó máa bá mi gbé e, kí n má fọwọ́ kàn án lójú títì. Ó wá gbàdúrà fún Uncle, ó gùn. Èmi ni mò ń ṣe àmín.

Nígbà tó pa fóònù, mo bi í léèrè ohun tó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò pariwo. Ariwo ti tán nínú mi.

"Ìyàwó wa, tí mo bá ní ẹ̀yin lẹ wà á, ó máa ní kí n ròyìn gbogbo ọ̀nà fún òun, mi ò sì ní lè fi ti 75 pa mọ́," ó wí. "Kọ̀ǹténà lẹ máa gbọ́. Ṣé tractor lẹ fẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n yìn yín?"

"Méjèèjì ni mo fẹ́," ni mo dá a lóhùn.

Mo gbé ráńpù kalẹ̀, mo sì sọ tírákítọ̀ ọkọ mi kalẹ̀ sínú oko àwọn obìnrin náà. Mò ń sunkún, inú sì ń bí mi, inú mi sì ń dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Tírákítọ̀ ṣì wà ní Clarkston. Mò ń lò ó ní gbogbo Sátidé tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá fẹ́ gbé e lọ tú ilẹ̀ fún àwọn mìíràn, Uncle á wá, á jókòó tì mí, torí Bàbá lè pè nígbàkigbà. Ní oṣù tó kọjá, ó pè nígbà tí a wà lójú ọ̀nà 285. Ó ní kí wọ́n fún mi ní fóònù. Uncle gbé e sún mọ́ ẹnu mi. Bàbá ní ó yẹ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi yìí, nítorí iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe fún mi, kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ló lè fa tírákítọ̀ lójú títì Amẹ́ríkà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, sà."

Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sitiárìn. Mo wo díńgí, mo tan iná, mo sì yà sí ọ̀nà àbájáde wa.